Wọ́n Gé Ọgbà Yópọ̀n Wa

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta

Mo ti dé sí erékùṣù wa láti òdìkejì omi. Ojú ọ̀tún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ṣì wà lábẹ́ bándéèjì, ojú òsì ni mo fi ń kọ èyí. Ojú òsì yìí náà ni mo fi rí i.

Zorah ló wá fi mọ́tò rẹ̀ pàdé mi ní èbúté fẹ́rì. Láti kékeré la ti ń ṣọ̀rẹ́, mi ò rí i kó dákẹ́ rí, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ láti èbúté títí a fi fẹ́ yà sí òpópónà wa. Ibẹ̀ ló ti ní, "Ludelle, jọ̀ọ́, má tíì wo iwájú." Ta ni wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní wò?

Wọ́n ti gé ọgbà yópọ̀n wa. Gbogbo rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà mi títí dé ẹ̀gbẹ́ ilé Harlan, àbúrò mi. Igi tí ìyá bàbá wa gbìn, tí a ń fi ewé rẹ̀ se tíì, tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti ń rẹ́ lórí láti ìgbà náà, títí gbogbo rẹ̀ fi tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí èrò inú ọkọ̀ tó fẹ́ dojú dé. Kùkùté ló kù, ojú igi funfun báláú. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo ń wo ọ̀sà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí ọ̀sà láti ibẹ̀ rí.

Mi ò sunkún. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ sunkún títí ojú yìí fi máa jinná.

Ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ bá Whitcomb. Dókítà eyín ni ní ìlú ńlá kó tó fẹ̀yìn tì síbí. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn onílé òpópónà wa, ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè kí wọ́n tó dá a sílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin Ludelle. Ojú yín ńkọ́?"

"Ó ríran tó. Ta ló gé ọgbà mi?"

"Ẹ jókòó ná."

"Mo lè dúró gbọ́."

Ó ní àwọn àlejò tó ń gba ilé lásìkò ooru fẹ́ máa rí omi. Ó ní ọgbà yẹn rí wúruwùru. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ ṣe mí lóore: "Àti pé igi tó ń fa èébì ni. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un gan-an, èébì ló wà nínú rẹ̀."

"Mo ti ń mu ún kí eyín àkọ́kọ́ tó yọ lẹ́nu mi. Ilẹ̀ wa lẹ wọ̀ láìgbàṣẹ."

"A gbàṣẹ. Àbúrò yín ló ní ká gé e."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ fún èèyàn pé eyín kan ò ní ṣeé tọ́jú mọ́. Ó ní lẹ́yìn Àjíǹde, ẹ̀rọ kan ń bọ̀ láti òdìkejì tó máa lọ àwọn kùkùté náà kúnná, wọ́n á sì tẹ́ koríko síbẹ̀. Ọkọ̀ á wá kó àwọn ẹ̀ka ní ọjọ́ Ẹtì.

Mo ní kí ó sọ fún ọlọ́kọ̀ kó jókòó sílé ara rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá

Harlan ò sá. Mo bá a nínú ọgbà ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fá ọ̀dà lára ọkọ̀ tí kò ní gbé wọ omi mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ilẹ̀ ta ni?"

"Ẹ mọ̀ pé àwa méjèèjì ni Bàbá fi sílẹ̀ fún."

"Ṣé ìwọ nìkan wá ni méjèèjì?"

Ó gbé ọ̀bẹ ìfáǹkan sílẹ̀. Ó ní Tansy ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí òun wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìlú Raleigh, pé oníbàárà ti wá wo ilé, ìyàwó oníbàárà sì ní òun ò lè ra ilé tí igbó dí lójú. "Mo mọ̀ pé ẹ máa kọ̀. Ìdí tí mi ò fi bi yín nìyẹn."

"O dúró kí n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú."

Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń mu nǹkan yẹn ní gbogbo erékùṣù yìí. Ṣé ẹ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pè wá nílé ìwé ni? 'Ajewé! Ẹ wo àwọn ajewé, ẹ fún wọn ní koríko!'"

"Mi ò gbàgbé. Èmi lù wọ́n. Ìwọ lo sá lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Ó yẹ kó dùn ún.

Ọjọ́ kejìlá

Mo jí, mo lọ dúró ti àwọn ẹ̀ka tí wọ́n kó jọ gègèrè sẹ́bàá ọ̀nà. Yópọ̀n kì í yára rọ. Ewé rẹ̀ ṣì ń dán, ó tutù, ó le, bí ẹni pé wọn ò tíì sọ fún un pé ó ti kú. Mo já ọ̀kan, mo jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ó korò bó ṣe máa ń korò.

Mo pe Zorah lórí fóònù, mo ní kó mú àáké kékeré rẹ̀ wá.

"Kí la fẹ́ ṣe?"

"Tíì."

Nígbà tó dé tó rí bí òkìtì náà ṣe ga tó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo èyí? Ludelle, wàá mu tíì títí fèrè ìkẹyìn á fi dún, wàá tún gbé ife dání lọ bá Olúwa."

"Wọn ò ní fi ọkọ̀ ìdọ̀tí kó o. Bí wọ́n bá ti pa á, a máa mu ún."

Ọjọ́ kẹtàlá

Ọlọ́kọ̀ wá. Mo jókòó sórí òkìtì. Ọlọ́kọ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

A ń ṣẹ́ ẹ̀ka wẹ́wẹ́, a ń fi àáké gé e mọ́ ewé rẹ̀ nínú ọpọ́n igi. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn ò dáwọ́ dúró, iyanrìn ń fẹ́ gba ibi tí ọgbà wà tẹ́lẹ̀ wọ inú ilé mi, ó wà nínú ìkòkò, ó wà nínú bẹ́ẹ̀dì. Mo gbá a jáde láàárọ̀, mo gbá a jáde lọ́sàn-án. Ẹyin tún ti gbówó lórí ní ṣọ́ọ̀bù. Búrẹ́dì àgbàdo tí kò ní ẹyin la jẹ, ó fọ́ kúùrùkúù lọ́wọ́ wa. Zorah ní iyanrìn inú rẹ̀ ló jẹ́ kó dùn.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Wọ́n tú bándéèjì. Àwọ̀ pọ̀ láyé! Mi ò mọ̀ pé ògiri ilé mi ti dọ̀tí tó báyìí.

Mo gba àgbá igi kan ní ilé ẹja, èyí tí wọ́n máa ń kó ẹja oníyọ̀ sí láyé àtijọ́. Mo fọ̀ ọ́ títí òórùn ẹja fi kúrò. Ó ku òkúta tí a máa fi iná sun, tí ooru rẹ̀ máa se ewé náà. Erékùṣù wa ò ní òkúta kankan, iyanrìn ni títí dé ìsàlẹ̀. Àwọn òkúta tó wà lọ́wọ́ wa, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ ni wọ́n ti wá, tí wọ́n fi ń mú ọkọ̀ wúwo kó má baà yí dànù. Ìyá mi tò wọ́n yí ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ ká. Èmi àti Zorah hú wọn, a fi bárò kó wọn wá.

Ọjọ́ kejìlélógún

A dáná, a sun òkúta, a gbẹ́ ihò, a ri àgbá náà mọ́lẹ̀ dé ìdajì. Òkúta, ewé, òkúta, ewé, títí ó fi kún. A fi àpò ògbólógbòó bò ó. Bí mo ṣe rántí pé ìyá mi ń ṣe é nìyẹn.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ó bàjẹ́.

Mo ṣí àpò náà, èéfín kankan ò jáde. Ewé ṣì tutù ní àárín, ó ti ń hu funfun bí irun àgbà. Òórùn rẹ̀ dà bí ti ilé tí omi wọ̀. Iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Mo bu gbogbo rẹ̀ dànù sórí iyanrìn. Ojú mi ti jinná, nítorí náà mo sunkún.

Mo mọ ohun tó fà á, mi ò sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìyá wa ń ṣe é, èmi ló máa ń ní kí n gé ewé. Harlan ló máa ń fi sídìí iná àti òkúta.

Ẹnu mi kọ́ ni Harlan máa ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

A tún bẹ̀rẹ̀. Ìdajì òkìtì ló kù. Mo dáná tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Zorah ń fi igi tú òkúta, ó ní, "Èyí ti gbóná, àbí?" Èmi náà ń wò ó bí ẹni mọ̀.

Ni mo gbọ́ ohùn láti òkèèrè.

"Kò tíì gbóná!"

Harlan ló dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, a kì í rí ara wa, ọgbà wà láàárín. Nísinsìnyí kò sí ohun tó dí wa, mo ń rí bàtà ilé tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló bi ọ́?" mo pariwo.

"Kò sẹ́ni tó bi mí! Ẹ tu itọ́ lé e! Bó bá hó lójú kan náà, kò tíì tó! Ó gbọ́dọ̀ fò ni!"

Mo tu itọ́ lé e. Ó hó lójú kan náà.

Zorah ò wojú mi. Ó kàn ń fi igi fa ilẹ̀.

Harlan pariwo pé igi tí mo fi ń dáná gan-an ò dára, igi etí òkun tí omi ti mu ni, èéfín lásán ló ń rú. Mo ní kó gbé ẹnu rẹ̀ wọlé. Kò wọlé. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá láàárín àwọn kùkùté, ó gbé ẹrù igi kan léjìká, igi oákù gbígbẹ tó fi pamọ́ fún ọkọ̀. Kò kí mi. Ó tú iná mi ká, ó tún un tò. A ń kó igi sí i títí òkúta fi pọ́n. Ó tu itọ́ lé e, itọ́ náà sì fò dànù bí eṣinṣin.

"Ó tó," ó ní. "Ẹ bu ewé sí i kíákíá, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀mí rẹ̀ jáde."

A ṣe é. Òórùn náà jáde kí a tó bò ó tán. Olúwa mi, òórùn yẹn! Bíi koríko gbígbẹ, bíi tábà, bí inú àpótí aṣọ ìyá mi. Àwọn àgbà kan láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì jáde wá dúró lójú ọ̀nà, wọ́n kàn ń fa imú.

Mo ní kí Harlan dúró jẹun. Ó ní òun ti jẹun. Ó lọ.

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹrin

A ṣí i. Ó ti dúdú rẹ́súrẹ́sú, ó rọ̀, ó gbóná lọ́wọ́. A tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìgbòkun nínú oòrùn. Mo sè é nírọ̀lẹ́, mo jẹ́ kó hó títí tó fi pọ́n bí omi àbàtà. Zorah mu ife kan, ó ní, "Ọkàn mi ń sáré, mo lè gun ilé yìí." Mo gbé ife kan lọ fún Harlan. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dúpẹ́, ó gbé e sórí fèrèsé. Ìgbà tí mo wo ẹ̀yìn, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò. Òjò dáadáa.

Ọjọ́ kejìlá

Wọ́n ti ń hù! Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ kùkùté tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, mo rí ọ̀mùnú tó pupa díẹ̀ ní orí, kò ju ìka ọmọdé lọ, tó ń tú jáde láti ẹ̀gbẹ́ igi. Mo lọ wo ìkejì. Òun náà. Mo ń rìn lọ bẹ́ẹ̀, mo ń bẹ̀rẹ̀, mo ń dìde, títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀. Ẹ gé e dé ilẹ̀, ó ń padà bọ̀!

Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Whitcomb bá mi níbi tí mo gbé àga mi sí láàárín àwọn kùkùté. Ó ní ẹ̀rọ náà ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún, òun ò fẹ́ wàhálà, òun tiẹ̀ gbọ́ pé mo ń pín nǹkan yẹn fún àwọn arúgbó, pé ẹ̀rù ń ba òun.

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ìlera wọn. Mo ti sọ fún yín pé ó ń fa èébì."

Kẹ́tùrù wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo bu ife kan kún, mo mu ún tán láìmí, mo dojú ife dé kó rí i. Mo ní, "Ẹ dúró. Ká jọ wò ó bóyá màá bì."

"Ìyáàfin, mi ò ní lọ́kàn pé..."

"Ẹ dúró, dókítà. Ìlera ni."

Ó dúró. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ó wo aago rẹ̀, èmi náà wo aago rẹ̀. Ẹyẹ funfun kan fò kọjá lórí ọ̀sà. Mo gùfẹ̀, ó fò sẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ má bínú, búrẹ́dì nìyẹn." Zorah tó wà lẹ́yìn fèrèsé mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti jókòó sílẹ̀.

Whitcomb ní, "Ẹ̀rọ ṣì ń bọ̀ o."

Mo ní, "Èmi náà ṣì wà níbí."

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ara mi ò yá. Ọ̀rùn, ìbàdí, gbogbo rẹ̀. Mo rò ó lónìí pé bóyá Harlan ló gbọ́n. Èèyàn lè lọ máa gbé níbi tí iyanrìn kì í ti í wọ bẹ́ẹ̀dì. Mo rò ó fún bí ìgbà tí èèyàn fi ń mu ife tíì kan. Mo wá dìde lọ gbé àga mi jáde.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo máa kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Fẹ́rì àárọ̀ gbé ẹ̀rọ náà wá. Ó pupa, ó ní àgbá onírin tó léyín, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọkùnrin tó ń wà á jẹ́ onírẹ̀lẹ̀, ó bọ́ fìlà. Whitcomb wà níbẹ̀, òun àti Corinne ìyàwó rẹ̀, àti àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́. Mo ti jókòó sórí kùkùté tó tóbi jù bí adìyẹ tó sàba, ọ̀mùnú ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́tùn-ún lósì. Zorah jókòó sórí èyí tó tẹ̀lé e, ó ń hun súwẹ́tà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ọkùnrin ẹ̀rọ náà ní, "wọ́n ní wọ́n ti fọwọ́ sí i."

"Èmi ò fọwọ́ sí i."

"Àbúrò rẹ̀ ti fọwọ́ sí i," Whitcomb ní. "Ilẹ̀ tiwọn méjèèjì ni."

"Ẹ jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ ọ́," ohùn kan wí láti ẹ̀yìn wọn.

Harlan ló ń bọ̀. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé ó múra láti wá tì mí kúrò níbẹ̀ ni, mo sì ti ń rò ó pé bó bá fọwọ́ kàn mí, màá gbá a létí lójú gbogbo ayé, kí n tó rántí pé ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún.

Ó dúró níwájú Whitcomb. "Dókítà, mo sọ fún yín pé kí ẹ gé e. Mi ò ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà."

"Harlan, ẹni tó fẹ́ ra ilé yín máa yí ọkàn padà."

"Kó yí i padà."

"Ẹ rò ó dáadáa. Kí lẹ máa sọ fún ọmọ yín?"

"Màá sọ fún un pé àwa tí wọ́n ń pè ní ajewé ló bí i." Ó wá yíjú sí mi, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀, gbogbo wọn ló gbọ́. "Nígbà tí ọgbà yẹn wà, mi ò rí yín. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé e, bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ẹ̀yin ni mo ń rí, tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ kùkùté kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Kí n sọ òtítọ́, mo ti to èébú jọ fún un láti oṣù Kẹta, èébú tó dáa gan-an. Mi ò rí ẹyọ kan bù ú. Mo sún ní ìdí, kùkùté yẹn gbòòrò. Ó jókòó.

Ọkùnrin ẹ̀rọ náà wo Whitcomb, ó wo àwa mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Fẹ́rì tó ń padà ò ní pẹ́ gbéra."

"Gbọ́ ti ikùn rẹ," Zorah ní. "O ti jẹun?"

Ó mu ife méjì. Harlan náà gba ife kan lọ́wọ́ mi, kò gbé e sórí fèrèsé kankan. Ó mu ún. Ó rojú. Ó ní, "Iná pọ̀ jù fún àgbá yẹn ní ìsàlẹ̀. Ó ti jó díẹ̀." Mo ní kó padà sílé rẹ̀. Ó ní kí n bu sí i.

Ẹ̀rọ náà bá fẹ́rì ọ̀sán padà. Mo juwọ́ sí i títí mi ò fi rí i mọ́.

Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún

Oníbàárà ò fẹ́ ilé Harlan mọ́. Tansy pè, ó bínú sí bàbá rẹ̀, ó bínú sí mi. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ta ló máa wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ bó bá ṣubú? Mo ní, "Èmi ni." Ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta ló máa gbé yín?" Mo ní kó má yọ mí lẹ́nu.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀mùnú ti ga dé orúnkún mi ní ìdí kùkùté tó súnmọ́ Harlan, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, etí rẹ̀ ń ṣe ṣágiṣàgi. Kò sí òdòdó lọ́dún yìí, oyin kọjá láìyà. Iyanrìn ṣì ń wọlé. Ó ṣeé ṣe kí n ti kú kí ọgbà yìí tó ga tó mi. Kò burú. Kì í ṣe èmi ni mo gbin ti àkọ́kọ́.

Ẹgbẹ́ wọn tún ṣèpàdé lórí wa. A ò lọ. A ní ewé láti gé.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹfà

Àwọn àlejò ìgbà ooru ti dé, ọ̀nà kún fún kẹ̀kẹ́. Mo wà nídìí ààrò nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, kíkàn ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Corinne, ìyàwó Whitcomb. Ó gbé agolo kékeré kan dání lábẹ́ aṣọ.

"Ìyáàfin Ludelle, ẹ má bínú. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ òórùn yẹn ló ti ń wù mí. Ṣé ẹ lè bu díẹ̀ sínú èyí fún mi? Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo wo agolo náà. Mo wo òun náà: obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò ṣe mí ní nǹkan kan, ó dúró ti ọkọ rẹ̀ ni.

"Mi ò ní bù ú sínú agolo," mo ní. "Ẹ̀yìnkùlé mi kì í ṣe ọ̀nà tíì. Ẹ yí gba iwájú wá, kí ẹ kan ilẹ̀kùn bí èèyàn."

Mo rò pé ó máa lọ ni. Mo gbé kẹ́tùrù kaná, mo ń fetí sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn iwájú, ó sì kan ilẹ̀kùn, gbọ̀ngbọ̀n.

Mo gbé àga fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dojú rẹ̀ kọ òpópónà. Mo bu tíì sínú ife tó dára jù nílé. Ó tọ́ ọ wò, ó pa ojú dé. Mọ́tò ọkọ rẹ̀ yọ láti orí ìyànà, ó ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí àwọn kẹ̀kẹ́, ó dé ọ̀gangan wa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Corinne tẹjú mọ́ ọn. Ó gbé ife sókè díẹ̀, kò fi pamọ́, ó mu ún dé ìsàlẹ̀.

"Ó ṣì kù nínú kẹ́tùrù?" ó ní.

"Ó kù," mo ní. Mo sì bu òmíràn.